Ẹ̀tọ́ Láti Kó Jáde Kò Tó

Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti àwọn ìlú etí omi ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n ṣàlàyé láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń fi sórí kóòdù kọ̀ǹpútà, kí n sì sọ ìdí tí àwọn ìkànnì ayélujára tuntun tí kò ní olówó kan ṣoṣo fi ń fẹsẹ̀ kọ bí wọ́n ti ń dàgbà. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé San Francisco tàbí Berlin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni. Ìpè sí ìpàdé ẹgbẹ́, owó tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ń dá, ìkéde òkú, ìròyìn pé ìdánwò ti sún síwájú, iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ́sẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀rọ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí a kò mọ ibi tó wà, tí a kò sì bá oní-nǹkan ṣe àdéhùn kankan ju "mo gbà" tí a fi ìka tẹ̀ láì kà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni pé láísẹ́ǹsì rere ń fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ẹrù wa jáde kúrò nílé onílé, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yẹn kò ní bá wa wá ilé mìíràn, kò ní san owó iná, kò sì ní parí ìjà láàárín àwọn tó bá kó wọ ibẹ̀. Púpọ̀ nínú ìyà tó ń jẹ àwọn ìkànnì tuntun náà wá láti inú èrò pé ẹ̀tọ́ nìkan ti tó.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2021. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, Lai Mohammed, tó jẹ́ mínísítà fún ìròyìn nígbà náà, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Ọjọ́ méjì péré ṣáájú ni Twitter ti pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ nípa ogun abẹ́lé rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ti dí ọ̀nà náà nítorí àṣẹ tí àjọ NCC, tó ń ṣàkóso wọn, pa fún wọn. Ọjọ́ 222 ló gbà kí wọ́n tó ṣí i padà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Ìdájọ́ náà tọ́, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ń ti orí Twitter rí oníbàárà kò rí ọjọ́ 222 yẹn gbà padà. Ohun tó yẹ kí a tún wò dáadáa ni ibi tí ìjọba fúnra rẹ̀ yà sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìjọba àpapọ̀ ti ṣí ojú-ewé sórí Koo, áàpù àwọn ará Íńdíà. Wọ́n kúrò lọ́wọ́ olówó kan, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ olówó mìíràn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àwọn tó dá Koo sílẹ̀ kéde pé àwọn ti ń ti ilé náà pa. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Abuja tàbí Abẹ́òkúta tó láṣẹ láti mú kóòdù Koo kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ, nítorí pé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà nìkan ló wà.

Nínú ọjọ́ 222 yẹn kan náà ni ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá bọ́ sí, ọjọ́ tí Facebook, WhatsApp àti Instagram jọ wọlẹ̀ káàkiri àgbáyé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ìjọba kankan kò lọ́wọ́ sí i. Àṣìṣe kan nígbà iṣẹ́ àtúnṣe ló gé gbogbo sáfà ilé-iṣẹ́ náà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀, kúrò lára ayélujára, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rọrùn fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn gan-an láti wọlé lọ tún un ṣe. Ní wákàtí mẹ́fà yẹn, àṣẹ ìjọba ti dí ọ̀nà kan mọ́ ọmọ Nàìjíríà, àṣìṣe ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan sì ti dí èkejì. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú, ìkejì jẹ́ àléébù ẹ̀rọ. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ojúlé kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà wọlé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ wa.

Kí wá ni láísẹ́ǹsì ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí? Òfin tí Nàìjíríà ń lò báyìí lórí iṣẹ́-ọpọlọ, ìyẹn Copyright Act 2022, ka kóòdù kọ̀ǹpútà mọ́ ohun tí ènìyàn kọ, bí ìwé. Ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín. Kóòdù tí kò bá ní láísẹ́ǹsì lára, bó tilẹ̀ wà níta gbangba lórí ayélujára, a kò láṣẹ láti dà á kọ tàbí láti tún un ṣe. Láísẹ́ǹsì ni ìwé tí oní-nǹkan fi ń sọ fún aráyé pé òun gbà kí wọ́n lò ó, àti bí wọn yóò ṣe lò ó. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lórí kóòdù gbangba, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Oríṣi kìíní, tí MIT, BSD àti Apache wà nínú rẹ̀, kò béèrè púpọ̀: ẹ mú un, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín, ẹ tà á bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ ṣáà má ṣe pa orúkọ ẹni tó kọ ọ́ rẹ́. Oríṣi kejì ni Richard Stallman gbé jáde ní 1989 pẹ̀lú GPL. Ìyẹn náà ní kí ẹ mú un, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ tà á, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èyí tí ẹ tún ṣe lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fún onítọ̀hún ní kóòdù rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ kan náà tí ẹ̀yin gbà. Linux, tó wà nídìí gbogbo fóònù Android tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ti wà lábẹ́ GPL láti 1992.

GPL ní àlàfo kan, ibẹ̀ sì ni WhatsApp tí gbogbo wa ń lò ti dàgbà. Nígbà tí Jan Koum àti Brian Acton dá a sílẹ̀ ní 2009, wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ lásán. Ejabberd ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sáfà wọn, kóòdù tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹnìkejì, tí Alexey Shchepin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní 2002, tó sì wà lábẹ́ GPL. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un tún ṣe, títí ó fi lè gba èrò tí kò lóǹkà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò rú òfin kankan bí wọ́n ṣe pa àtúnṣe wọn mọ́ra, nítorí wọn kò fi kóòdù náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: inú sáfà tiwọn ló wà, àwa kàn ń fi fóònù kàn sí i láti òkèèrè ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n dá ejabberd láti máa bá sáfà ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà lórí Yahoo ṣe lè fi í-meèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lórí Gmail. WhatsApp ti ilẹ̀kùn yẹn. Nígbà tó di 2014, Facebook kéde pé òun yóò rà á ní dọ́là bílíọ̀nù 19. N kò sọ pé wọn kò ṣiṣẹ́ fún owó wọn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kóòdù tí wọ́n kọ kí gbogbo ènìyàn lè jọ máa sọ̀rọ̀ láti ilé oníkálukú wọn ló di ilé ńlá kan tí ẹnìkan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, láísẹ́ǹsì tó wà lórí rẹ̀ kò sì lágbára láti sọ pé rárá.

Láti dí àlàfo yẹn ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀dà kẹta láísẹ́ǹsì AGPL jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007. Abala kẹtàlá rẹ̀ ló yàtọ̀. Ó sọ pé bí ènìyàn bá tún kóòdù ṣe, tó sì gbé e sórí sáfà kí àwọn mìíràn máa lò ó láti òkèèrè, ó gbọ́dọ̀ fún àwọn tó ń lò ó yẹn láǹfààní láti gba kóòdù àtúnṣe náà lọ́fẹ̀ẹ́. Abẹ́ AGPL ni Eugen Rochko, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Jámánì, fi Mastodon, kóòdù ìkànnì ìbánisọ̀rọ̀ kan, sí nígbà tó gbé e jáde ní 2016. A sì ti rí i bí ó ṣe ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Donald Trump kéde ìkànnì Truth Social. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó yọjú wo ibi tí wọ́n ti ń dán an wò ti mọ̀ pé Mastodon ni wọ́n fi kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ìwé àdéhùn Truth Social ń sọ pé ilé-iṣẹ́ náà nìkan ló ni kóòdù. Mastodon kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n gbé kóòdù jáde. Láísẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ fi ọgbọ̀n ọjọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀tọ́ ẹni tó rú u tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Kí ọgbọ̀n ọjọ́ náà tó pé, kóòdù ti wà lórí ìkànnì wọn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbà á. Ẹni tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí ni ilé-iṣẹ́ yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó sì fi ìwé ránṣẹ́ jẹ́ àjọ kékeré tí àwọn olùrànlọ́wọ́ ń dáwó fún. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù ní Olabisi Onabanjo University níbí gbọ́dọ̀ mọ ìtàn yìí, nítorí pé ìlà díẹ̀ nínú ìwé tí wọn kì í sábà kà ló fún àjọ kékeré náà ní agbára yẹn.

Ẹ̀rí kejì kàn Mastodon láti ìsàlẹ̀. Lára àwọn nǹkan tí sáfà Mastodon ń lò láti sáré ni Redis, tí Salvatore Sanfilippo, ará Ítálì, kọ, tó sì wà lábẹ́ BSD fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó Redis yí láísẹ́ǹsì padà, wọ́n fi ìdènà sí i, wọ́n ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń yáni ní sáfà ń pa owó lórí iṣẹ́ àwọn láì dá nǹkankan padà. Oṣù yẹn kò tíì parí tí àwọn tó ti ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ fi mú ẹ̀dà tó ṣì wà lábẹ́ BSD, wọ́n sọ ọ́ ní Valkey, Linux Foundation gbà á sábẹ́ àbò. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Redis fúnra rẹ̀ fi AGPL kún àwọn láísẹ́ǹsì rẹ̀. Àìmọye sáfà ló ń lo Redis, kò sì sí èyí tó ní láti kú nítorí pé oní-nǹkan yí èrò padà. Ìyẹn ni mo ń pè ní ẹ̀tọ́ láti kó jáde.

Ẹ wá jẹ́ kí a yẹ ilé tí wọ́n kó lọ wò. Mastodon kì í ṣe ìkànnì kan bí Facebook. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sáfà ni, oníkálukú pẹ̀lú alábòójútó tirẹ̀, òfin tirẹ̀ àti àpò owó tirẹ̀, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ìlànà kan tó ń jẹ́ ActivityPub, èyí tí W3C, àjọ tó ń gbé ìlànà ayélujára kalẹ̀, fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2018. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ètò yìí. Òkè-Sopẹn, Òkè-Àgbò, Ojowo, Atikori àti Japara, ìlú kan ni wọ́n, oníkálukú sì ní ọba tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé Atikori lè fẹ́ ìyàwó ní Japara, kó sì máa ná ọjà ní Òkè-Sopẹn, láì gba ìwé ìrìnnà. Ṣùgbọ́n kò sí ará Ìjẹ̀bú-Igbó tí yóò sọ pé nítorí pé ẹnu ààlà ṣí sílẹ̀, àjọgbé rọrùn. Ẹjọ́ ilẹ̀, ẹ̀tọ́ àgbà, ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún ojú ọ̀nà tó wà láàárín àdúgbò méjì ṣe: ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló ń gba ọjọ́, ló ń gba owó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Mastodon.

Elon Musk ra Twitter ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2022, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ. Rochko sọ nígbà náà pé iye àwọn tó ń lo Mastodon lóṣù fò láti nǹkan bí 300,000 sí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ láàárín oṣù méjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bójú tó sáfà náà jẹ́ ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́sàn-án, tó ń fi owó ara rẹ̀ àti ìtọrẹ ọ̀rẹ́ san owó ẹ̀rọ. Lójijì ni ẹrù di púpọ̀. Ẹ wo ohun kan péré: bí ẹnìkan lórí sáfà kékeré yín bá ń tẹ̀lé ẹnìkan lórí sáfà ńlá ní Jámánì, gbogbo àwòrán tí ẹni yẹn bá gbé síta ni sáfà yín yóò da ẹ̀dà rẹ̀ kọ sọ́dọ̀. Láìpẹ́, àyè tó kún fún àwòrán àjèjì yóò ju ti àwòrán ará ilé lọ, alábòójútó sì gbọ́dọ̀ máa gbá a jáde lóòrèkóòrè tàbí kó ra àyè sí i. Ẹ tún wo èkejì: bí sáfà kan bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ẹni tó wà níbẹ̀ lè kó àwọn tó ń tẹ̀lé e lọ sí sáfà mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tó ti kọ kò bá a lọ. Ó kó jáde lóòótọ́, ó sì fi àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé tó ń wó.

Ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀ náà lè yẹ̀. Nítòsí wa níbí, ìjọba Mali gba àkóso orúkọ ìkànnì tó parí sí .ml, tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún ayé fún ọdún mẹ́wàá, padà ní oṣù Keje ọdún 2023. Ọ̀kan nínú àwọn ojúlé Lemmy, tó jẹ́ kóòdù gbangba lábẹ́ AGPL, ń lo irú orúkọ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dédé pàdánù àdírẹ́sì rẹ̀, àwọn ojúlé yòókù kò sì dá a mọ̀ mọ́, bí kóòdù rẹ̀ tilẹ̀ wà ní pípé. Mali kò jẹ̀bi, ohun ìní wọn ni wọ́n gbà padà. Ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ tí kò rà. Ọ̀rọ̀ ìwà sì tún wà. Gab, tí àwọn tó kórìíra ẹ̀yà mìíràn pọ̀ nínú rẹ̀, kó sórí kóòdù Mastodon ní oṣù Keje ọdún 2019. Láísẹ́ǹsì kò lè dí wọn lọ́wọ́, nítorí pé kóòdù gbangba kì í bi ènìyàn ní ìwà rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn alábòójútó sáfà yòókù, lọ́kọ̀ọ̀kan, já okùn àárín àwọn àti Gab. Ìdájọ́ ènìyàn ló ṣe é, wákàtí iṣẹ́ ènìyàn ló sì gbà. Ọ̀rọ̀ ìní náà wà: Rochko fúnra rẹ̀ kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé òun yóò gbé ohun-ìní Mastodon kúrò lábẹ́ òun nìkan sí abẹ́ àjọ tí kì í ṣe ti èrè. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tó yanjú ta ni yóò jẹ oyè lẹ́yìn olóyè.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń rò. Gbogbo ará ilé, ará ọjà, ará òkè òkun ló wà lórí WhatsApp. Ta ni yóò bá wa wá sí ìkànnì tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀? Àtakò yìí lágbára jù lọ, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Bí mo bá sọ pé kí ìyá tó ń ta ẹja ní Mákún-Omi fi WhatsApp sílẹ̀, ìyà ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, WhatsApp ti ti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ mọ́ inú àgádágodo láti 2016, tí ilé-iṣẹ́ náà gan-an kò lè ka ohun tí a kọ, nígbà tó jẹ́ pé alábòójútó sáfà Mastodon lè ka lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ ìdílé dúró síbi tó wà. Ohun tí mò ń sọ kan ọ̀rọ̀ gbangba: ìkéde yunifásítì, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú, ìtàn ìdílé, orúkọ àwọn tó dáwó àti ohun tí a fi owó náà ṣe. Ẹgbẹ́ WhatsApp kò gbà ju ènìyàn 1,024 lọ. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lónìí kì í rí gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá pàdánù fóònù láì tọ́jú ẹ̀dà ti pàdánù àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Ìlú tó ń tọ́jú ìtàn rẹ̀ síbẹ̀ kò tíì tọ́jú nǹkankan. Ilẹ̀ Yúróòpù sì ti ń fi òfin fa ilẹ̀kùn WhatsApp ṣí: láti oṣù Kẹta ọdún 2024, òfin wọn ti sọ ọ́ di dandan pé kí ó gbà kí iṣẹ́ ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ mìíràn bá òun sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá béèrè. Ẹni tó bá ti ní ilé tirẹ̀ ni irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún.

Àtakò kejì ni ti owó àti iná. Àwọn ará Ogun Waterside rí iléeṣẹ́ bébà ní Ìwopin, tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lásìkò owó epo, tí kò sì fún wọn ní bébà àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí. Ó tọ́ kí wọ́n béèrè ohun tó mú èyí yàtọ̀. Ìdáhùn mi ni pé sáfà fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn díẹ̀ kò ju kọ̀ǹpútà kan, bátìrì, sólà àti dátà tí kò wọ́n ju ti ọ́fíìsì kékeré kan lọ. Kóòdù rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ohun tí a óò dúró de Abuja fún. Ẹ sì rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ létíkun Côte d'Ivoire, tí báǹkì àti fóònù ní Nàìjíríà ń ṣe ségesège. Ní ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tí ọmọ Àgọ́-Ìwòyè kan fẹ́ bá ọmọ Àgọ́-Ìwòyè mìíràn sọ gbọ́dọ̀ gba abẹ́ òkun kọjá kó tó délé kejì. Sáfà tó wà nínú ọgbà yunifásítì yóò gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láì kan òkun rárá. Níbi tí mo ti gbà pẹ̀lú alátakò ni pé ẹ̀rọ kọ́ ló wọ́n, ènìyàn ló wọ́n. Ẹni tí yóò máa yọ ọ̀rọ̀ èébú kúrò láago mẹ́wàá alẹ́ gbọ́dọ̀ gba owó, bí ọdẹ àdúgbò ṣe ń gbà. Ibi tí wọ́n ti ń retí pé kí ó ṣe é nítorí ìfẹ́ nìkan ni sáfà ti ń kú.

Àwọn kan yóò ní ìjọba yóò kàn dí tiwa náà. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, n kò ní tan yín jẹ. Ṣùgbọ́n dídí ọgọ́rùn-ún ojúlé tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò rọrùn bíi dídí ẹyọ kan, ará ojúlé tí wọ́n bá sì dí lè kó lọ sí òmíràn lọ́jọ́ kan náà. Kí a má sì rò pé kíkéré mú wa bọ́ lọ́wọ́ òfin. Ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, gbé kalẹ̀ ní 2022 fi ẹrù tó wúwo jù lé àwọn ìkànnì ńlá tó ní èrò púpọ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó kan àwọn kékeré náà, Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 sì kan gbogbo ẹni tó bá ń tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Bí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ṣe bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, ní oṣù Keje ọdún 2024 fi hàn pé òfin wa lè bu ẹni ńlá jẹ. Kí ẹgbẹ́ ìlú tó bá ṣí sáfà mọ̀ pé òun náà di olùtọ́jú ohun-ìní ẹlòmíràn lójú òfin.

Ó ku àwọn ọ̀dọ́ tó ń béèrè pé ṣé AGPL kò ní lé oníṣòwò sá. Ó ń lé àwọn kan sá lóòótọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn fọwọ́ kàn án. Ìkànnì Bluesky, tí Jack Dorsey, ọ̀gá Twitter nígbà náà, kéde rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, yan MIT àti Apache, àwọn olówó sì ti fi owó sínú rẹ̀. Kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, síbẹ̀ orí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú èrò rẹ̀ ṣì ń gbé. Mo sì mọ̀ pé láísẹ́ǹsì oríṣi kìíní ní ibi tó ti dára: DHIS2, tí àwọn ará Yunifásítì Oslo ń tọ́jú lábẹ́ BSD, ni àkọsílẹ̀ ìlera Nàìjíríà ń lò, iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ìbílẹ̀ dé ìbílẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ lọ. Irinṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó tàn dé ibi gbogbo lè wà lábẹ́ BSD. Ibi ìpàdé ló yàtọ̀, nítorí pé iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ ni ọrọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ti kó ọrọ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Fún ibi ìpàdé, AGPL ni mo fara mọ́, ìtàn ejabberd sì ni ìdí mi.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí Olabisi Onabanjo University àti Abraham Adesanya Polytechnic ní Ìjẹ̀bú-Igbó dá ojúlé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè láti Àbígí dé Ìwopin sì láàyè níbẹ̀ láì sanwó fún ọdún àkọ́kọ́. Kí ó wà lórí orúkọ .ng tí a san owó rẹ̀ lórúkọ àjọ, kì í ṣe lórúkọ ọ̀dọ́ kan tó lè jáde ilé-ìwé lọ́la kó sì gba Kánádà lọ. Mastodon ní májẹ̀mú kan tí gbogbo sáfà tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí ojú-ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí: pé yóò máa yọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra kúrò, pé yóò máa tọ́jú ẹ̀dà lójoojúmọ́, pé ó kéré tán ẹlòmíràn kan yóò ní ọ̀nà àtiwọlé bí alábòójútó kò bá sí, àti pé yóò fi oṣù mẹ́ta kéde fún àwọn èrò rẹ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn. Kí a tó ra wáyà kan, ẹ jẹ́ kí a kọ ìwé náà, kí a kọ orúkọ àwọn tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ wọn sínú rẹ̀ àti iye tí ẹni tó ń ṣọ́ ilé yóò máa gbà lóṣù, kí àwọn tó wà níjókòó nínú gbọ̀ngàn yìí sì fọwọ́ sí i.